Téèpù Tí Ọlákẹ́mi Lẹ̀ Mọ́ Kíbọ́ọ̀dù Mi

Ọlákẹ́mi lẹ téèpù mọ́ kíbọ́ọ̀dù mi. Ọ̀rẹ́ mi ni. Yàrá kan náà la jọ ń sùn, a jọ jẹun àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì mọ̀ pé ọkọ mi máa wà láàárín èrò, pé Pásítọ̀ wa máa jókòó síwájú. Ó mọ gbogbo ẹ̀ kó tó lẹ̀ ẹ́.

Mi ò sọ pé ó jí nǹkan mi. Mi ò sọ pé ó gba ọkọ mi. Téèpù ni mo sọ. Ẹni tó bá rò pé téèpù ò tó nǹkan, kó jókòó kó gbọ́.

Bọ̀sún lorúkọ mi, ṣùgbọ́n ní Jakande Estate, Ilasan níbí, Ìyá Làtífátù ni gbogbo ayé ń pè mí. Kọ́tìnnì ni mo ń rán. Hakeem ọkọ mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Mùsùlùmí ni, èmi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í bá ara wa jà lórí ìyẹn. Òun gan-an ló ra kíbọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ fún mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo jókòó tì í, mo ń wá ohùn kiri bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ lọ́wọ́ mi sórí kápẹ́ẹ̀tì, títí mo fi rí i. Èmi ni mo wá di onídùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí bí mi ò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò ní yé yín.

Kíì kan ṣoṣo ni mo mọ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá fẹ́ dá orin kì í bi ẹnikẹ́ni. Ibi tí ohùn bá ti bá a, ìyẹn kíì tó bá wù ú, ló ti máa dá a. Ìyá àgbà kan á dá tiẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀dọ́kùnrin kan á dá tiẹ̀ lókè réré. Onídùùrù ló máa wá wọn débi tí wọ́n wà. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á yí ìka ẹ̀ padà. Èmi kì í yí ìka padà. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù, tiráńsípóòsì là ń pè é. Tí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn gbogbo kíbọ́ọ̀dù á gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀, ìka ẹ á ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn á máa pariwo pé, "Ìyá Làtífátù, ọwọ́ yín mà yá o!" Àtàǹpàkò òsì mi ló yá.

Ọlákẹ́mi nìkan ló mọ àṣírí yìí. Òun ni olórí akọrin wa. Ọ́fíìsì ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n ló ti ń ṣiṣẹ́, Abraham Adésànyà Estate ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn kó máa gbé gíláàsì ojú ẹ̀ sórí irun bíi pé irun ló fẹ́ kàwé. Ẹgbẹ́ ara wa ni wá. A lè bú ara wa láàárọ̀ ká jọ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lọ́sàn-án.

Àmọ́ òun náà ní àṣírí kan tó wà lọ́wọ́ mi, òun fúnra ẹ̀ ò sì mọ̀. Ohùn ẹ̀ kì í gòkè. Ó nípọn, ó dùn bí oyin, ṣùgbọ́n tí ara ẹ̀ bá ti gbóná, á dá orin ga ju agbára ẹ̀ lọ. Kí ẹsẹ kejì tó bẹ̀rẹ̀, màá ti fi àtàǹpàkò sọ ohùn sílẹ̀ fún un, ní jẹ́jẹ́. Á kọrin náà dópin, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, á wá sọ fún mi pé, "O rí i? Ohùn mi tún ti ga sí i."

Màá ní, "Mo rí i."

Kí ni ǹ bá sọ? Ọ̀rẹ́ mi ni.

Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun ní Ajah. Gbọ̀ngàn yẹn máa nílò olórí orin. Ẹni méjì ni wọ́n ń dárúkọ: èmi àti Clement. Clement jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọlákẹ́mi, ọmọdékùnrin tó níwà, tó sì kàwé orin débi pé ó lè wo bébà kó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Pásítọ̀ ní kò sí ìjà, pé òun á rán àwa méjèèjì, pẹ̀lú Ọlákẹ́mi àtàwọn akọrin wa, lọ sí káǹpù orin ọlọ́sẹ̀ méjì lórí òkè kan ní Èkìtì, pé òun á wá wò wá lọ́jọ́ àlejò.

Mo fẹ́ ìjókòó olórí orin yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti mọ irú kọ́tìnnì tí màá rán sí fèrèsé tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Òkè náà dára! Kùrukùru láàárọ̀, òtútù tó ń jẹ́ kéèyàn dì mọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, àtẹ̀gùn tó gùn débi pé Ọlákẹ́mi jókòó sáàárín ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá òun níbẹ̀. Ohùn fàólìnì ń jáde láti gbogbo fèrèsé. Ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí a dé, ọ̀bọ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó gbé búrẹ́dì Ọlákẹ́mi, ó jókòó sórí igi, ó ń wò wá, ó ń jẹ ẹ́. Láti ìgbà yẹn ni Ọlákẹ́mi ti ń fi téèpù aláwọ̀ ilẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń lẹ páálí, lẹ ẹnu páálí oúnjẹ ẹ̀ pa láràárọ̀.

Ẹ fi téèpù yẹn sọ́kàn.

Ọ̀gá Mákánjúọlá ni olórí káǹpù, bàbá arúgbó tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ lórin. Ó ń bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè mọ kíláàsì tí a máa wọ̀. Clement ló wà níwájú mi.

"Kíì wo lo mọ̀, ọmọ mi?"

"Gbogbo méjèèjìlá, sà."

Bàbá náà mi orí, ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá?"

Ibí ni mo ti ṣubú. Bí mo bá ní ẹyọ kan, kò sẹ́ni tó máa pa mí. Ṣùgbọ́n Clement dúró síbẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa.

"Gbogbo ẹ̀, sà," ni mo wí.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Àti èyí tó kù."

Ọlákẹ́mi bú sí ikọ́ lẹ́yìn mi.

Bí wọ́n ṣe gbé mi sí kíláàsì àwọn ọ̀gá nìyẹn. Mo wọlé, mo bá dùùrù onígi ńlá kan níbẹ̀. Mo wò ó lápá òsì. Mo wò ó lápá ọ̀tún. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ ẹ̀. Kò ní bọ́tìnnì kankan. Igi lásán ni.

Ọ̀gá Mákánjúọlá ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ orin yìí ní kíì Ii-fúláàtì."

Ọwọ́ mi dé orí dùùrù. Òógùn bò mí nínú òtútù yẹn.

"Yéè! Ọrùn ọwọ́ mi!"

Gbogbo wọn dìde. "Kí ló ṣe é, mà?"

"Kọ́tìnnì ni. Kọ́tìnnì tí mò ń rán ló fà á."

Mo fi síkáàfù di ọwọ́ náà, mo fi ròòbù pa á débi pé kíláàsì ń rùn bí ilé ìwòsàn. Bàbá káàánú mi. Ó ní kí wọ́n gbé ọbẹ̀ ata ẹran ewúrẹ́ wá fún mi ní yàrá. Clement fúnra ẹ̀ ló gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á wò yín sàn." Ó dùn mí díẹ̀. Ọbẹ̀ náà dùn jù ú lọ.

Ọlákẹ́mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, ó ń wò mí.

"Ìyá Làtí."

"Kí ni?"

"Ọwọ́ tó ń dùn ẹ́ lo fi mú ṣíbí yẹn."

Mo yára gbé ṣíbí sí ọwọ́ kejì. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, irọ́ mi ń sanra. Tí wọ́n bá ní kí n jókòó sídìí dùùrù, màá mí kanlẹ̀. Tí bàbá bá bi mí ní ìbéèrè, màá ní, "Ẹ jẹ́ kí Clement dáhùn, kí àwọn ọmọ náà lè kọ́." Bàbá á ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" Wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́.

Ó wá ku ọ̀la kí ọjọ́ àlejò, tó bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, pé. Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá, dùùrù onígi yẹn á le jù fún ọwọ́ yín. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ gbé wá láti ilé, òun ni kí ẹ fi tẹ orin àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́la."

Díẹ̀ ló kù kí n gbé bàbá olóòótọ́ yẹn jó. Mo pe Hakeem lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. "Wá o! Má pẹ́ o! Gbé fóònù tí kámẹ́rà ẹ̀ dáa wá!"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọlákẹ́mi ń lẹ páálí ẹ̀ pa nítorí ọ̀bọ. Ó ní, "Ìyá Làtí, sọ òtítọ́ fún bàbá yìí, kó kọ́ ẹ. Nǹkan tá a tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn."

"Òtítọ́ wo? Ṣé orin mi ò dùn ni?"

"Ó dùn. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì yẹn bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

"Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, Hakeem á tún un ṣe."

Ó wò mí, ó fi eyín já téèpù.

Ọjọ́ àlejò pé. Gbọ̀ngàn kún. Hakeem dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Ìyá Làtífátù, gbogbo ilẹ̀ títẹ́jú tí Ọlọ́run dá, orí òkè náà ni wọ́n ti rí orin kọ́?" Pásítọ̀ jókòó síwájú pátápátá pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ. Clement wà ní ìlà kejì, ó káwọ́ lé orúnkún. Mo jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù mi bí ìyàwó ọba. Síkáàfù ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ mi, torí irọ́ tí mo pa ò tíì parí.

Ọlákẹ́mi bọ́ síwájú, ó dá orin ọpẹ́ wa. Ẹ̀rù ń bà á, nítorí náà ó dá a nísàlẹ̀ díẹ̀. Etí mi kì í ṣìnà. Mo mọ ibi tó wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo na àtàǹpàkò òsì sí bọ́tìnnì.

Mo kan nǹkan tó ń yọ̀.

Mo wolẹ̀. Téèpù ni. Téèpù aláwọ̀ ilẹ̀, ó tẹ́ lé bọ́tìnnì náà pẹrẹsẹ, ọ̀kan lé orí òmíràn. Mo fi èékánná họ ọ́. Mo ti gé èékánná mi kúrú kí n lè dà bí àwọn onídùùrù ńlá. Téèpù ò mira, bọ́tìnnì abẹ́ ẹ̀ ò sì ṣe é tẹ̀. Mo gbójú sókè, Ọlákẹ́mi yí ọrùn wò mí láti iwájú, ó yára yí padà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ni.

Ẹsẹ kìíní ti parí. Ọ̀gá Mákánjúọlá gbé ọwọ́ sókè pé kí dùùrù àti akọrin wọlé.

Kí ni kí n ṣe? Mo tẹ ohun tí mo mọ̀. Kíì mi. Ó sì ga ju ibi tí Ọlákẹ́mi wà lọ dáadáa.

Àwọn akọrin wa ti mọ́ra: ibi tí kíbọ́ọ̀dù bá lọ ni wọ́n ń lọ. Gbogbo wọn fò sókè bá mi. Ọlákẹ́mi náà fò. Ó ṣe é díẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni ègbè bá dé, ibi tó ga jù nínú orin náà, ibi tí mo ti máa ń fi àtàǹpàkò gbà á sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ohùn ẹ̀ gòkè, ó dé ibì kan, ó dúró, ó wá dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Orin dúró. Ọlákẹ́mi di ọ̀fun mú, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n yọ àga kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló mọ ohun tí bọ́tìnnì náà ń ṣe fún un.

Ọ̀gá Mákánjúọlá bọ́ síwájú jẹ́jẹ́. "Kò burú. Ìyá, ẹ kàn bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀."

"Kò ṣe é sọ̀ kalẹ̀, sà."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ti dí i."

"Kí ni wọ́n dí?"

Ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi gíláàsì ẹ̀ sójú. Ó wo téèpù. Ó wo síkáàfù ọrùn ọwọ́ mi. Ó wo ojú mi.

"Ìyá Làtífátù, kíì mélòó lẹ mọ̀?"

Ẹnu mi fẹ́ parọ́, mo ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó parọ́. Kò parọ́.

"Ẹyọ kan, sà."

Mo rò pé etí bàbá nìkan ni mo sọ ọ́ sí. Máìkì wà níwájú mi. Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ, àwọn tó ń dáná lẹ́yìn ilé gbọ́ ọ, bóyá àwọn ọ̀bọ náà gbọ́.

Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa là kí n wọlé. Nígbà náà ni ohùn kan dún láti ẹ̀yìn, ohùn tí mo mọ̀ dáadáa, fóònù ẹ̀ ṣì wà lókè tó ń ya fídíò.

"Ṣùgbọ́n ó mọ ẹyọ kan yẹn dáadáa!"

Hakeem! Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ yọ gíláàsì, ó ń nu ojú. Ẹ̀rín náà wá mú èmi pàápàá, mo gbé orí lé kíbọ́ọ̀dù, kíbọ́ọ̀dù ké gbàràmù, ìyẹn tún dá ẹ̀rín mìíràn sílẹ̀.

Nínú ẹ̀rín yẹn, mo rí Clement tó ti ń dìde. Mo ní, ó tán. Ìjókòó mi ń lọ.

Ọ̀gá Mákánjúọlá na ọwọ́ sí i. "Clement, jókòó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orin ló máa parí ẹ̀. Ìyá, kíì yín náà ni. Gbogbo èèyàn, ẹ dìde. Àwọn ọmọbìnrin tí ohùn wọn tín-ín-rín, ẹ gbé òkè. Ọlákẹ́mi, ìwọ bọ́ sísàlẹ̀, kí o kọ ohùn kejì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, a kọrin! Bàbá àgbà ń kọ, àlejò ń kọ, Hakeem tó jẹ́ Mùsùlùmí ń kọ ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀. Mo tẹ kíì kan tí mo mọ̀ yẹn bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé. Ọlákẹ́mi sì wà nísàlẹ̀ orin náà, ohùn ẹ̀ nípọn, ó balẹ̀, ó dùn ju gbogbo ìgbà tó ti ń fò kiri lókè lọ. Ibi tó yẹ kó ti máa wà tipẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé mi lọ sí kíláàsì àwọn ọmọdé. Ọmọbìnrin kan tí eyín iwájú ẹ̀ ti ká, Ọmọ́táyọ̀, ló jókòó tì mí.

"Grandma, ìka yín ti ṣìnà."

"Ta ni Grandma ẹ?"

"Ẹ má bínú, mà. Ìka yín ṣì ṣìnà."

Mo kọ́ ọ! Nígbà tí káǹpù fi máa parí, mo ti ní kíì mẹ́ta lọ́wọ́, láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì. Láti ìgbà tí a sì ti dé, mi ò sinmi. Èkẹrin ti ń bọ̀. Irọ́ mi ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń parọ́ pé òun mọ nǹkan, ta ló máa kọ́ ọ? Ẹ̀kọ́ tèmi nìyẹn, ẹ mú un lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú Ọlákẹ́mi.

Mo bi í ní yàrá lọ́jọ́ àlejò yẹn gan-an. "Ṣé ìwọ lo lẹ̀ ẹ́?"

Bísíkíìtì wà lẹ́nu ẹ̀. "Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Ìyá Làtí, jẹ́ kí n jẹun ná."

Ó jẹun tán, ó ní oorun ń kun òun. Nínú bọ́ọ̀sì tí a ń bọ̀ wálé, mo bi í, ó ti nǹkan ìgbọ́rin bọ etí, ó ń mi orí sí orin. Mo bi í ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ṣé kọ́tìnnì àwọ̀ ewé yẹn ti tán. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó gba máìkì, ó ń sọ fún ìjọ pé òun ran ọ̀rẹ́ òun lọ́wọ́ ní káǹpù, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un!

Hakeem ní, "Ẹni tó fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́ kì í mú ọjọ́ tí Pásítọ̀ jókòó síwájú." Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Clement wá bá mi, ó ní, "Àǹtí ò bá mi sọ nǹkan kan, mà. Ojú ti èmi náà." Mo gbà á gbọ́. Mo sì tún rántí pé lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, lọ́sàn-án ojoojúmọ́, Ọlákẹ́mi máa ń wá jókòó sórí àga kékeré ní kíláàsì àwọn ọmọdé, orúnkún ẹ̀ kan àgbọ̀n, ó ń ka ohùn fún mi títí ìka mi fi mọ ọ̀nà. Ọ̀tá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ kì í lẹ téèpù. Kí ni kí n gbà?

Kẹ́mi ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé ò ń ka ìwé ìròyìn tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, èmi ni mo ń yá ẹ. Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí gbọ̀ngàn Ajah, Pásítọ̀ ti sọ pé èmi ni màá tẹ dùùrù fún orin ọpẹ́, pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ẹni tó ni ìjókòó. Ìwọ lo sì máa dá orin náà. Ara ẹ á gbóná, o máa dá a ga, mo mọ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ẹsẹ kìíní, mo lè fi ọwọ́ ara mi gbé e sọ̀ kalẹ̀ síbi tó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Mo sì lè fi í sílẹ̀ lókè níbi tí o gbé e sí.

Nítorí mi lo ṣe lẹ téèpù yẹn, àbí nítorí Clement? Yọ nǹkan etí yẹn, kí o dá mi lóhùn kí n tó jókòó sídìí dùùrù.